Ọ̀nà Ọ̀tìn: Láti Ojú Ogun dé Òde Àbámẹ́ta

Ìrìn òpin ọ̀sẹ̀ ni àṣà tí àwọn ọ̀rẹ́ fi ń kó ara wọn jọ bá ọ̀kan nínú wọn lọ sí ìlú rẹ̀, láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì sí ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Ní agbègbè Ìkìrun, Inísà àti Òkukù ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ìdí tí wọ́n fi ń lọ kì í ṣe ẹyọ kan. Ó lè jẹ́ ọdún ìlú, ó lè jẹ́ ìsìnkú àgbà, ìgbéyàwó, ilé ṣíṣí tàbí ìwúyè. Bọ́ọ̀sì á gbéra láti Èkó tàbí Ìbàdàn, ẹni tó ni ìlú á jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, àwọn tó kù á máa bi í léèrè orúkọ abúlé tí wọ́n ń kọjá. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, aṣọ kan náà ni gbogbo wọn á wọ̀. Bí a bá fojú òní wò ó, fàájì lásán ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì náà ń tọ̀, láti Òṣogbo dé Ìkìrun, kí ó gba Inísà kọjá sí Òkukù, kí ó tó forí lé Ọ̀fà, ọ̀nà tí ogun lé ènìyàn gbà ni ní 1878. Bí ọ̀nà àsálà ṣe di ọ̀nà òde ni ìtàn tó wà nídìí àṣà yìí.

Odò Ọ̀tìn ló ń ṣàn la agbègbè náà já. Orúkọ rẹ̀ ni ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn ń jẹ́, èyí tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Òkukù, tí Inísà sì wà nínú rẹ̀. Ìkìrun ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn tó múlé tì í. Òrìṣà ni Ọ̀tìn, obìnrin sì ni. Ìtàn kan sọ pé ọmọ Ọ̀tan ni, pé ó wá gbèjà àwọn ará Inísà nígbà tí àwọn aládùúgbò ń gbógun tì wọ́n, tó sì di odò. Òmíràn sọ pé ọlọ́mú mẹ́rin ni, pé nígbà tí àṣírí rẹ̀ tú ni ìtìjú sọ ọ́ di omi. Ìtàn méjèèjì kò bára mu, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi tipá so wọ́n pọ̀. Ó ṣáà tó ohun tí ènìyàn ń ṣàkíyèsí pé nínú èyí tí Inísà ń sọ, àlejò ni òrìṣà náà kó tó di onílé.

Láyé àtijọ́, kò sí ohun tó ń jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ Yorùbá, tí a ń kà sí márùn-ún nítorí pé ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ wà nínú ìṣirò. Ìdí nìyẹn tí ọjà tí a ń ná bẹ́ẹ̀ fi ń jẹ́ ọjà ọrún. Ọ̀sẹ̀ fúnra rẹ̀, ọjọ́ ìsìn òrìṣà ni: ọ̀sẹ̀ Ifá wà lọ́tọ̀, ọ̀sẹ̀ Ṣàngó wà lọ́tọ̀. Ọjọ́ ọjà ló ń gbé ènìyàn rìn jù lọ. Alájàpá á ru ẹrù láti ìlú kan sí èkejì, á san owó ibodè fún oníbodè, á sì wọ̀ sílé ẹni tó mọ̀. Yàtọ̀ sí ti òwò, ilé àna, ìsìnkú àti ọdún ló tún lè gbé ènìyàn jìnnà. Àgbà máa ń sọ pé ìrìn jíjìn ló ń mú ni rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kúrò nílé láìní ìdí pàtó, amí ni wọ́n á kọ́kọ́ pè é.

Òkukù pàápàá, ìrìn ló dá a sílẹ̀. Ìtàn ìlú náà sọ pé Àrámọkọ ní Èkìtì ni àwọn ọmọ ọba ti wá, pé Kọ̀ọ̀kin ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀dó sí, ìlú tí òkìkí rẹ̀ kò tíì kú lẹ́nu àwọn tó ń ki oríkì. Ogun Ìjẹ̀ṣà ló fọ́ Kọ̀ọ̀kin, ni àwọn tó ṣẹ́ kù fi kó wá sí Òkukù. Ní ọdún Olóókù, tó jẹ́ ọdún tó tóbi jù nílùú náà, ọba àti Àwòrò Olóókù, ìyẹn olórí abọrẹ̀ rẹ̀, máa ń wọ ìjàkadì. Ìjàkadì náà kò le, gbogbo ènìyàn ló sì mọ̀ pé ọba ni yóò dá àwòrò. Àlejò tí kò bá mọ̀ á rò pé eré ni wọ́n ń ṣe. Onílé mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n bá lórí ilẹ̀ àti ẹni tó wá jẹ ọba lórí ilẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ní ìparí oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1878, ogun dé Ìkìrun. Ìbàdàn ló ń jọba lórí agbègbè náà nígbà náà, àwọn ajẹ́lẹ̀ rẹ̀, ìyẹn àwọn aṣojú tó ń ṣọ́ ìlú fún un, sì ti sú àwọn ìlú tó wà lábẹ́ rẹ̀. Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Ìlá dìde sí i. Ìlọrin, tó ti pẹ́ tó ti ń wá bí yóò ṣe gba ọ̀nà ìhà gúúsù, dara pọ̀ mọ́ wọn. Ìkìrun ni wọ́n jọ kọjú sí, ẹgbẹ́ ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan sì pàgọ́ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ yí ìlú náà ká. Ìkìrun ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n ló kó ogun jáde, wọ́n sì wọ Ìkìrun kí ilẹ̀ tó ṣú mọ́ ọn.

Ọjọ́ kìíní oṣù Bélú, ọdún 1878, ni wọ́n jà. Àgọ́ tó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ló pa àwọn tó gbógun wá: bí Ìbàdàn ṣe ń tú ọ̀kan ni ó ń yíjú sí èkejì, ilẹ̀ ọjọ́ náà kò sì ṣú tí ogun fi tú. Àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin kọrí sí ìhà àríwá, wọ́n ń sá bọ̀ sílé, ṣùgbọ́n Ọ̀tìn wà lọ́nà, ó sì kún. Ẹni tó lé wọn wà lẹ́yìn, omi wà níwájú. Ẹṣin àti ènìyàn já lu omi, ọ̀pọ̀ kò sì gòkè. Ibẹ̀ ni ogun náà ti gba orúkọ, Ogun Jálumi. Orúkọ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n nínú ìtàn ogun Yorùbá: kò dárúkọ ìlú, kò dárúkọ jagunjagun, ohun tí ẹni tó ń sá ṣe ni ó sọ.

Ìṣẹ́gun Ìkìrun kò mú àlàáfíà wá. Láàárín ìgbà díẹ̀, àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ti kó ara wọn jọ ní ẹ̀gbẹ́ Ìgbájọ, ogun tí a mọ̀ sí Kírìjì sì bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu. Ní ìhà Ìlọrin, Ọ̀fà tó faramọ́ Ìbàdàn di ìlú tí ogun dó tì fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó tó ṣubú ní 1887. Gbogbo ilẹ̀ tó wà láàárín Ìkìrun àti Ọ̀fà wá di ojú ọ̀nà ogun, kò sí ẹni tó lè sùn fọkàn balẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ará Òkukù kó ẹrù, wọ́n kó òrìṣà wọn, wọ́n sì sá wọ Ìkìrun tọba tìjòyè. Nǹkan bí ọdún 15 ni wọ́n lò níbẹ̀.

Ọdún 15 kì í ṣe àbẹ̀wò. Ọmọ tí wọ́n gbé pọ̀n wọ Ìkìrun, ó ti tó gbé ìbọn kí wọ́n tó padà. Ọba tó kó ìlú rẹ̀ wọ ìlú ọba mìíràn, ipò rẹ̀ kò rọrùn: òun ni kábíyèsí àwọn ènìyàn rẹ̀, síbẹ̀ orí ilẹ̀ Akìrun ló dúró lé. Ìkìrun náà kò sinmi, nítorí àgọ́ àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn wà níbẹ̀, oúnjẹ wọn sì kì í ṣe díẹ̀. Àwọn tí ogun kó jọ bẹ́ẹ̀ fẹ́ ara wọn, wọ́n bímọ fún ara wọn. Nígbà tí àwọn ìwé ìtàn bá ń ka àwọn jagunjagun ìgbà náà, orúkọ Balógun ni wọ́n ń tò. Iṣẹ́ tí Ìkìrun ṣe gẹ́gẹ́ bí ilé fún àwọn tí kò nílé tóbi ju gbólóhùn kan tí wọ́n sábà máa ń fún un lọ.

Àdéhùn 1886 pa ogun Kírìjì lẹ́nu mọ́, ṣùgbọ́n Ìbàdàn àti Ìlọrin kò tú àgọ́ wọn. Ó di 1893, nígbà tí Gómìnà Gilbert Carter gbéra láti Èkó rin ilẹ̀ Yorùbá já, kí àgọ́ Ìkìrun tó tú. Àwọn ará Òkukù padà sílé ní ọdún náà. Igbó ti bo ilé, ògiri amọ̀ ti wó, wọ́n sì ní láti tún ààlà agbo ilé kọ̀ọ̀kan fà.

Kò pé ọdún 15 sí i tí irin fi dé. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní 1896 dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907 àti Ìlọrin ní 1908. Láàárín Òṣogbo àti Ìlọrin, ó tọ ipa ọ̀nà tí ogun ti là kọjá: Ìkìrun, Òkukù, Ọ̀fà. Nígbà tí wọ́n so ó pọ̀ mọ́ ọ̀nà irin Bárò sí Kánò ní ìhà Òkè Ọya, ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ní Ìkìrun lè sọ̀ ní Kánò. Òwò obì ló kọ́kọ́ jèrè rẹ̀. Ìkìrun Àgùnbé, Onílé Obì, ni wọ́n ń pe ìlú náà, agbọ̀n obì gbàǹja sì ń bá ọkọ̀ ojú irin lọ sílẹ̀ Haúsá, níbi tí wọ́n ti ń fi obì kí àlejò ju ibi tí wọ́n ti ń gbìn ín lọ.

Ọkọ̀ ojú irin yí ìtumọ̀ ìrìn padà. Ohun tí ẹsẹ̀ ń rìn fún ọjọ́ mẹ́ta di ìrìn òwúrọ̀ kan. Ènìyàn lè ṣiṣẹ́ l'Ékòó, kó sì wálé fún ọdún, kó tún padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó tún kọ́ wọn ní ohun kan tí wọn kò mọ̀ tẹ́lẹ̀: ìrìn tó ní aago. Ọkọ̀ kì í dúró de ẹni tí kò tíì jẹun tán.

Síbẹ̀, àwọn tó jìnnà jù lọ kò bá irin lọ. Inísà wà lára àwọn ìlú Yorùbá tí ọmọ wọn pọ̀ ní Gold Coast, tó di Gánà lónìí, pẹ̀lú Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà. Òwò ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, láti ìlú ńlá dé abúlé tó jìnnà sí títì. Ẹni tó bá lówó níbẹ̀ á wálé wá kọ́lé, á sì mú àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń ṣòwò wá wo ilé tó kọ́. Bóyá àwọn wọ̀nyí ni a bá máa pè ní aṣáájú àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òní, nítorí pé ilé tí ẹnikẹ́ni kò bá ẹni wò, ààbọ̀ ilé ni lójú Yorùbá. Ní oṣù Bélú 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbé kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ ọmọ Inísà padà lójijì, pẹ̀lú ẹrù tí wọ́n lè rù nìkan. Ilé tí wọ́n ti kọ́ sílẹ̀ fún àbẹ̀wò ni wọ́n wá ń gbé. Ní ti Òkukù, oko kòkó ló kó àwọn ènìyàn lọ: nígbà tí ilẹ̀ nítòsí kò tó mọ́, wọ́n wá ilẹ̀ lọ sí ìhà gúúsù, wọ́n sì ń wálé fún ọdún Olóókù àti ọdún egúngún.

Lábẹ́ Ọba Moses Oyinlọlá, tó jẹ Olókukù láti 1934 sí 1960, irú àlejò mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í yà sí Òkukù: ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni tan, tí kò ta ohunkóhun, tó kàn fẹ́ wo ìlú. Ulli Beier, ará Jámánì tó dé Nàìjíríà ní 1950 láti wá kọ́ni ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, ni a mọ̀ jù nínú wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kọ́ àwọn àgbàlagbà lẹ́yìn odi ilé ẹ̀kọ́, èyí ló sì jẹ́ kó máa káàkiri Ẹdẹ, Ìlobùú, Òṣogbo àti Òkukù. Ó ya fọ́tò ọdún, ó ya ààfin, ó ya ọba. Ní 1982, ó tẹ ìwé kan jáde lórí adé ìlẹ̀kẹ̀ àwọn Olókukù nìkan. Ìlú ńlá mìíràn wà tí kò tíì ní irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Adé wọ̀nyẹn ní ìrìnàjò tiwọn. Ilé-Ifẹ̀ ti ń rọ ìlẹ̀kẹ̀ dígí ní bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, sẹ̀gi sì wà lára ohun tí ọba ń fi ṣọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ aláràbarà tí a ń fi òwú tò sára adé, tó fi ń ya ojú ènìyàn àti ẹyẹ, òkè òkun ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá ní ọ̀rúndún 19. Venice, ìlú àtijọ́ tó wà lórí omi ní ilẹ̀ Ítálì, àti Bohemia ni orísun rẹ̀. Ní 1291, ìjọba Venice pàṣẹ kí àwọn arọ-dígí kó iná ìléru wọn lọ sí erékùṣù Murano, kí iná má baà jó ìlú. Láti ibẹ̀ ni ìlẹ̀kẹ̀ ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí etíkun ilẹ̀ wa. Àwọn oníṣọnà ìlẹ̀kẹ̀, tí àwọn Ẹ̀fọ̀n-Alààyè gbajúmọ̀ jù nínú wọn, ló sọ ọ́ di adé. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń lọ wo Venice lóde òní, tí wọ́n ń ya fọ́tò níwájú ṣọ́ọ̀bù ìlẹ̀kẹ̀, ìbátan ohun tó wà lórí ọba ilé ni wọ́n ń wò láìfura.

Ní 1974, Karin Barber dé Òkukù láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́, ó sì lo nǹkan bí ọdún mẹ́ta níbẹ̀. Oríkì ló wá kọ́, lẹ́nu àwọn obìnrin tó ń ki í. Ìwé tó kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1991. Iṣẹ́ náà tan ìmọ́lẹ̀ sí ohun kan tó máa ń rú àlejò lójú ní ìlú Yorùbá: níbo ni ohun àtijọ́ wà? Ní Róòmù, òkúta ni a ń fi hàn án. Ní Òkukù, ògiri ààfin lè má ju ọmọ ọgọ́ta ọdún lọ, nítorí amọ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni, àti pé ìlú tó sá kúrò fún ọdún 15 kì í bá ilé rẹ̀ nídùúró. Ohun tó kù ni ohun tí obìnrin ilé ń sọ nígbà tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń ki ọkọ tàbí ọmọ: Kọ̀ọ̀kin wà níbẹ̀, ogun wà níbẹ̀, Ìkìrun náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá wá wo ìlú tí kò dúró gbọ́ oríkì, igi àti páànù ló rí.

Ìgbà tí ọkọ̀ bọ́lẹ̀kájà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ irin, tí Peugeot 504 sì gbà á lọ́wọ́ bọ́lẹ̀kájà, ni ìrìn òpin ọ̀sẹ̀ bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí fìdí múlẹ̀. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ló pín ọ̀sẹ̀ sí ọjọ́ márùn-ún àti méjì; ilé iṣẹ́ tó ti ọjọ́ Àbámẹ́ta sílẹ̀ ló fún ẹgbẹ́ ní àyè. Ìsìnkú tí ìbá wáyé lọ́jọ́ tí babaláwo tàbí ẹbí bá yàn bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, kí òde lè bọ́ sí Àbámẹ́ta. Ọjọ́ ìlú, tí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ń fi kó owó jọ fún ilé ìwé tàbí ilé ìwòsàn, Àbámẹ́ta náà ló bọ́ sí. Ọdún òrìṣà nìkan ló ń takú mọ́ ìṣirò tirẹ̀, àní òun náà ti ń ní ọjọ́ àṣekágbá tí wọ́n fi ń dúró de àwọn ará Èkó.

Irin kò tíì kú pátápátá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà ìjọba Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun máa ń háyà ọkọ̀ ojú irin láti Ìddó l'Ékòó wá sí Òṣogbo nígbà ọdún Kérésì, Àjíǹde àti Iléyá, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ èrò. Èrò máa ń kún débi pé àwọn kan á dúró láti Èkó délé. Ẹni tó ń lọ sí Ìkìrun, Inísà tàbí Òkukù á sọ̀ ní Òṣogbo, á wá mọ́tò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irin náà gan-an gba ẹ̀yìn ìlú rẹ̀ kọjá.

Ètò àbẹ̀wò náà ti ní ìlànà. Ẹni tó kó ọ̀rẹ́ wá á kọ́kọ́ mú wọn lọ kí baálé ilé, lẹ́yìn náà wọ́n á lọ kí ọba: Akìrun ní Ìkìrun, Olúnísà ní Inísà, Olókukù ní Òkukù. Wọn kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Ọtí, obì tàbí owó díẹ̀ ni wọ́n máa ń mú dání, a sì gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀, bí olúwarẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́. Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni àlejò ti ń mú nǹkan wọ̀lú: ní 2024, Venice bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó yúrò márùn-ún lọ́wọ́ àlejò tó bá wá lójúmọ́ tí kò ní sùn, láwọn ọjọ́ tí èrò bá pọ̀. Àwọn tó bínú sí i gbàgbé pé kò sí ìlú tó lọ́lá tí àlejò ń wọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Oníbodè ti mọ èyí tipẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta lọ sí orí òde àti onílù. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni àwọn tó fẹ́ mọ ìlú máa ń rí àyè díẹ̀: ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì fún àwọn onígbàgbọ́, ìkíni káàkiri agbo ilé, ojúbọ tí wọ́n á wò láti òkèèrè, àti Ọ̀tìn. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, odò náà kì í pọ̀ tó ohun tí àlejò ń retí. Ẹlòmíràn á bèèrè bóyá omi yìí náà ló gbé ẹṣin lọ. Tó bá di ọ̀sán, bọ́ọ̀sì á ti kọjú sí Òṣogbo, á dúró díẹ̀ ní Ìkìrun kí àwọn èrò ra obì.